Ẹnjiníà Orí Òrùlé Ẹlẹ́dẹ̀

1.

…àti pé tí mo bá ti jáde nínú yàrá ìdánwò, n kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Kí n ṣẹ́ pẹ́ńsù mi sí méjì, kí n sọ ọ́ nù. Kí n má fọ irun. Kí n wọ pátá pupa. Láàárọ̀, kí n jẹ ẹyin méjì àti sọ́séèjì kan, kí n tò wọ́n sínú àwo kí wọ́n dà bí ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi òǹkà kọ.

Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn yege.

Ẹyin náà jinná dáadáa.


2.

Orúkọ mi ni Lovelle Fagtanac, ọmọ Miagao ní erékùṣù Panay. Ẹ má gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tán. Tí ojú bá ń tì mí, n kì í lè sọ pé "mo". "Ọmọ yẹn" ni mo máa ń pe ara mi, bí ẹni pé ará ilé kejì ni. Ẹ óò bá a pàdé láìpẹ́. Ẹ ṣe sùúrù fún un.


3. BÁNÀ
(a tẹ̀ ẹ́ kí èsì tó jáde)

KÚ ORÍIRE O!
ẸNJINÍÀ LOVELLE M. FAGTANAC
tí ó yege nínú ìdánwò ìjọba
ọmọ WILMA àti olóògbé ARNULFO
ÌLÚ WA Ń FI Ọ́ YANGÀN

[Àwòrán: ọmọ yẹn nínú kóòtù tí kò ní, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.]


4.

Bí ó ṣe rìn nìyí. Manong Dodoy (manong ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin), ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń tẹ bánà ní ìlú wa: bánà ìbò, bánà òkú, bánà ọdún ẹni mímọ́. Ọdún ń bọ̀ lọ́nà. Ó ti tẹ gbogbo bánà ọdún tán, rọ́bà tó kù lára ìdì tó fi ń tẹ̀ wọ́n kò sì pọ̀ tó ohun tí èèyàn lè tà. Ó ní òun kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó bi Nanay Wilma, ìyá mi, bóyá mo ti kọ ìdánwò mi tán. Nanay ní mo ti kọ ọ́ tán. Dodoy ní ṣé èsì wá lè yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni? Nanay rò ó títí, kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Àti pé gbogbo àwọn tó wà lókè òkun ló máa wálé fún ọdún. Tí wọ́n bá dúró de èsì, ta ni yóò ṣẹ́kù nílé láti ka bánà?

Wọ́n so ó mọ́ géètì, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí títì.


5. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

DODOY: Ẹnjiníà wa. Kú oríire o.
ÈMI: Manong, èsì ò tíì jáde.
DODOY: Mo mọ̀.
ÈMI: Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí bẹ́ẹ̀?
DODOY: Wo fọ́tò yìí.
[fọ́tò]
ÈMI: Manong, ẹ bá mi tú u. Ẹ jọ̀ọ́.
DODOY: Okùn yẹn ti le. Jẹ́ kí ọdún kọjá.


6.

Ọdún kọjá. Àwọn ará òkè òkun ya fọ́tò níwájú géètì wa. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti wá, wọ́n sì ròyìn ẹnjiníà tuntun fún gbogbo ayé.

Lẹ́yìn náà ni èsì jáde.

Ìṣirò . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . . 81
Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà gbogbogbòò . . . . . . . . . . . 74
Ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ . . . . . . . . . . . . . . . . 79
Áńtẹ́nà, rédíò àti sátẹ́láìtì . . . . . . . . 68

KÒ TÍÌ YEGE. Ó LÈ TÚN IṢẸ́ KẸRIN ṢE, Ẹ̀Ẹ̀KAN PÉRÉ.


7.

Àádọ́rin ni wọ́n ń fẹ́.


8. Ọ̀NÀ TÍ ÈÈYÀN Ń GBÀ DI ẸNJINÍÀ Ẹ̀RỌ ILÉ ÌWÒSÀN
(ọmọ yẹn kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà fún ìyá rẹ̀, torí ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an)

— Lọ sí yunifásítì, kọ́ nípa ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. (Ó ti ṣe é.)

— Ṣe iṣẹ́ àṣejáde. Ọmọ yẹn ṣe ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà tó gbé e fún àwọn olùkọ́, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀gá pátápátá. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀gá ti kú. Ó tún un ṣe, ọ̀gá sì jíǹde.

— Lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn. (Ó ti ṣe é. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé.)

— Ṣe ìdánwò ìjọba. Kò sí ìdánwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìwòsàn. Ti àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni gbogbo wa ń jókòó sí. Wọ́n bi ọmọ yẹn nípa áńtẹ́nà orí òkè. Wọ́n bi í bí ìró ṣe ń gba òfurufú kọjá lọ bá ọkọ̀ ojú omi. Wọn kò bi í ní ohunkóhun nípa ọmọ ìkókó.

— Búra.

— Gba láísẹ́ńsì.

— Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ kọ́ ẹ̀rọ ìwòsàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wọ́n, ẹ̀rọ kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí wàá fi fẹ̀yìn tì.

Nanay kà á tán. Ó bèèrè pé ṣé nítorí áńtẹ́nà nìkan ni. Mo ní nítorí áńtẹ́nà nìkan ni. Ó jáde síta, ó gbójú sókè wo áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n wa, ó sì pòṣé sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbádùn tẹlifíṣọ̀n mọ́.


9. NÍBI IṢẸ́

Ilé ìwòsàn wa kò tóbi. Lẹ́yìn yunifásítì ni wọ́n gbà mí síbẹ̀ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n ń tún ìwé rẹ̀ kọ lóòrèkóòrè, tí wọ́n sì lè dá dúró nígbàkigbà. Ẹ̀rọ tí mo bá tún ṣe kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kó tó fọwọ́ sí i, páálí pupa ló máa wà lọ́rùn rẹ̀: MÁ LÒ Ó.

Ẹnjiníà Sumagaysay ló ń bá wa fọwọ́ sí i. Ìlú Iloilo ló ń gbé, ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń tú ẹ̀rọ wò kó tó fọwọ́ sí i, ó máa ń bi mí ní ìbéèrè, á sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun pẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹnì kan kò lè wà níbi gbogbo.


10. NỌ́Ọ̀SÌ NOBLEZADA SỌ TẸNU RẸ̀
(òun ni olórí yàrá àwọn ọmọ tuntun, ó sọ ọ́ sínú fóònù mi, ó ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́; inday ni à ń pe ọmọbìnrin lọ́dọ̀ wa)

"Àpótí méjì la ní fáwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Ọ̀kan ní páálí pupa lọ́rùn. Lovelle ti pààrọ̀ fáànù ẹ̀, mo fojú ara mi rí i tó ń ṣiṣẹ́ rere. Wọ́n bí ìbejì. Kékeré báyìí, bí ìṣù búrẹ́dì. A gbé ọ̀kan sínú àpótí tó dáa. Mo wo Lovelle. Lovelle wo páálí. Mo ní, 'Inday, ìwọ lo tún un ṣe, ṣé ó dáa àbí kò dáa?' Ó ní, 'Ó dáa, Mà. Àmọ́ mi ò lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀.' La bá gbé ọmọ kejì sínú ọkọ̀ pàjáwìrì lọ sí Iloilo. Ìyá ẹ̀ ò lè bá a lọ, torí ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa."


11.

Ọmọ náà yè. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹ má baà gbé e sọ́kàn bí èmi ṣe gbé e.


12. ÌYÁ ÀTI ỌMỌ LẸ́YÌNKÙLÉ
(mo rántí rẹ̀ dáadáa, bí n kò bá rántí rẹ̀ dáadáa, Nanay máa tún un sọ)

ỌMỌ YẸN: Nanay, kí nìyẹn lórí ilé ẹlẹ́dẹ̀?
NANAY: Òrùlé.
ỌMỌ YẸN: Ojú mi ni.
NANAY: Ibẹ̀ ń jò.
ỌMỌ YẸN: Ẹ ò bá tiẹ̀ dojú ẹ̀ délẹ̀.
NANAY: Káwọn ẹlẹ́dẹ̀ máa wò ọ́ látìsàlẹ̀? Wọn ò ní jẹun.
ỌMỌ YẸN: Gbogbo èèyàn inú jíìpù ló ń rí i látojú títì.
NANAY: Wọ́n ti rí i ní géètì tẹ́lẹ̀. Kí ló kù tí wọn ò tíì rí?


13. WILMA SỌ TẸNU RẸ̀

"Wọ́n ní mo fi ojú ọmọ mi bo ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n fẹ́ bá mi ra páànù ni? Rọ́bà yẹn nípọn. Dodoy ní kí n jó o níná tó bá ń dójú tì mí. Mo ní orúkọ Arnulfo wà lára ẹ̀. Mi ò lè jó orúkọ ọkọ mi níná. Àmọ́ mo lè fi bo ẹlẹ́dẹ̀, torí òun ló ra ìyá wọn fún mi kó tó kú. Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀."


14. ÀWỌN TÓ Ń KÍ ỌMỌ YẸN LÓJÚ TÍTÌ

Awakọ̀ jíìpù: Ẹnjiníà, báwo làwọn aráalé, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?

Alágbàfọ̀: Ẹnjiníà, o rẹwà lókè yẹn ju bó o ṣe rẹwà nílẹ̀ lọ.

Àlùfáà, lẹ́yìn Máàsì: Ọmọ mi, mo rí ọ láná nígbà tí òjò ń rọ̀. O ò mira rárá.

Gbogbo wọn fẹ́ràn mi. Èyí ló mú kó burú. Ẹni tó bá kórìíra èèyàn, èèyàn lè ṣépè fún un.


15. OHÙN TITA MERLINDA LÁTI TAIWAN
(àbúrò Nanay ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun inú fóònù ló wà)

"Inday, mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀. Ó ní kó o máa bọ̀. Orí ìlà àwọn tó ń to ohun inú fóònù ni wàá jókòó sí, kò sí ìdánwò, kò sí áńtẹ́nà. Ìyá ẹ ti dàgbà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ìtìjú dá ẹ dúró sílé. Tún ìdánwò yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní kó o má ṣe é. Tí ò bá bọ́ sí i, kó o kó ẹrù. Mo ti bá Manang Wilma sọ ọ́, ó ti gbà."


16.

Ó ti gbà lóòótọ́. Mo bi í. Ó ń gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀, kò wo ojú mi, ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà Taiwan.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fọwọ́ sí àyè ẹnjiníà kan, àyè gidi, tí kò ní máa parí lóòrèkóòrè. Ẹni tó ní láísẹ́ńsì ni wọ́n máa fi sí i. Wọ́n ní àwọn máa dúró kí èsì tó ń bọ̀ jáde kí wọ́n tó pe àwọn ará ìta. Ọ̀rọ̀ ti wá dorí iṣẹ́ kan ṣoṣo.


17. BÍ A ṢE KA ÌWÉ

Nanay ló ń bi mí ní ìbéèrè. Kò mọ ohun tó ń kà. Ó jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó gbé gíláàsì sójú, ó ń pe ọ̀rọ̀ bí ó bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn àjòjì. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé rí.

"Irọ́ ni," á sọ.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Nanay?"

"O fẹ́ imú, ihò ẹ̀ méjèèjì là, kó o tó dáhùn."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ imú ni mo máa ń gbà á sí òdì. Bí mo ṣe kọ́ áńtẹ́nà nìyẹn, pẹ̀lú ìyá tí kò mọ áńtẹ́nà ṣùgbọ́n tó mọ imú mi.


18.

ÁŃTẸ́NÀ TÓ GÙN JÙ KÌ Í GBỌ́RÀN JÙ.
áńtẹ́nà tó gùn jù kì í gbọ́ràn jù.
   áńtẹ́nà tó gùn jù
      kì í

(Ojú ìwé yìí ni mo sùn lé lórí.)


19. ÌDÁNWÒ KEJÌ

Lẹ́tà tí orúkọ bàbá èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń tò wá síjòkòó. Ìlú wa náà sì nìyí, F ni orúkọ àìmọye ìdílé ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ìlà tí mo wà kún fún àwọn ará ilé: Faburada níwájú mi, Faldas lẹ́yìn mi, Famatid lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti kọjá níwájú òrùlé ẹlẹ́dẹ̀ wa. Faldas fọwọ́ kàn mí léjìká kí wọ́n tó pín ìwé. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà, àbúrò mi ń ṣàìsàn." Mo gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tó ń rántí bánà níbẹ̀ àfi èmi nìkan.

Wọ́n pín ìwé. N kò fẹ́ imú.

Nígbà tí mo ń jáde, mo wẹ̀yìn. Mo fi pẹ́ńsù mi sílẹ̀ lódidi sórí tábìlì, mo sì wo àga náà dáadáa, kí n lè dá a mọ̀ níbikíbi tí a bá tún ti pàdé.


20. ÈSÌ

Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹ̀dọ̀fóró ni mo wà, mo nà gbalaja sílẹ̀, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi. Ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n. N kò gbé e. Mo rí bàtà Nọ́ọ̀sì Noblezada tó dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, bàtà funfun, ó dúró. Ó tẹ̀ba díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na fóònù tirẹ̀ wọlé sí mi lábẹ́ ẹ̀rọ.

FAGTANAC, LOVELLE M.


21.

M O   Y E G E


22. FÓÒNÙ

ÈMI: Nanay, mo yege.
NANAY: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?
ÈMI: Ó wà nínú orúkọ tí ìjọba gbé jáde.
NANAY: Ka orúkọ tó ṣáájú tìẹ.
ÈMI: Faburada.
NANAY: Ka èyí tó tẹ̀ lé e.
ÈMI: Faldas, Nanay. Òun náà yege.
NANAY: Ṣé o ò fẹ́ imú?
ÈMI: Ṣé lórí fóònù?
NANAY: Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mò ń gbọ́ imú ẹ.
ÈMI: Mo yege.
[Ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹkún, tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin Tatay, bàbá mi, ṣùgbọ́n ti èyí yàtọ̀.]


23.

Manong Dodoy ò tẹ nǹkan kan. Ó wá sílé, ó ka orúkọ mi lórí fóònù mi, ó kà á lórí fóònù Nanay, ó tún lọ kà á lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wá bèèrè bóyá kí òun tẹ bánà tuntun. Nanay ní fún kí ni? Èyí tó wà nílẹ̀ kò purọ́, ó kàn yára ju ọmọ náà lọ ni. Wọ́n gun orí ilé ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e padà sí géètì. Igun kan ti ṣá, mo dà bí ẹni tó dàgbà. Orí mi wú. N kò ní purọ́ fún yín, mo dúró níwájú rẹ̀ títí jíìpù mẹ́ta fi kọjá, mo sì juwọ́ sí gbogbo wọn.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ gba páànù.


24. ÌBÚRA

Gbọ̀ngàn ńlá. Ọwọ́ ọ̀tún sókè. Gbogbo wa ń sọ ọ́ pọ̀, ohùn wa sì ń lu ògiri padà, àwọn ẹnjiníà tí wọn óò lọ máa ṣe fóònù, tí wọn óò lọ máa ṣe rédíò, tí wọn óò lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo búra pé ẹ̀mí àwọn èèyàn ló máa ṣáájú nínú iṣẹ́ mi. Bóyá àwọn yòókù rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní tèmi, mo mọ yàrá tí àwọn èèyàn náà wà, mo mọ ìwọ̀n fìlà wọn.


25. ÌWÉ ÌYÀNSÍPÒ

Sí: ENGR. LOVELLE M. FAGTANAC

Inú wa dùn láti sọ fún ọ pé a ti yàn ọ́ sí ipò Ẹnjiníà ní ilé ìwòsàn yìí. Láti òní lọ, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i.


26. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

TITA MERLINDA: Àyè yẹn ti lọ o. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sí i. Mo sunkún lórí ìlà, ọ̀gá rò pé mo ṣèṣe. Ẹnjiníà wa.


27. ÌKÉDE
(ara ògiri ilé ìwòsàn, ara ògiri ilé ìjọba, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Dodoy)

ÀWỌN ỌMỌ KÍLÁÀSÌ ỌDÚN 1989
tí wọ́n wà nílé àti lókè òkun
Ń FI ÀPÓTÍ ỌMỌ ÌKÓKÓ TA ILÉ ÌWÒSÀN WA LỌ́RẸ
GÍGÉ RÍBỌ́Ọ̀NÙ. FỌ́TÒ. OÚNJẸ.
Gbogbo ọmọ kíláàsì: ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù.


28.

Kíláàsì ọdún 1989 ni kíláàsì ìyá mi. Òun ló sọ fún wọn pé ohun tí ilé ìwòsàn nílò nìyẹn. Ìyáàfin Cora Monteclaro, ààrẹ wọn, tó ń gbé ní California, ló wá àpótí náà rí, àlòkù tí wọ́n tún kùn, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Nanay fi ẹlẹ́dẹ̀ kan sílẹ̀ fún oúnjẹ, wọ́n sun ún lódidi. Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ òun ló máa fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ rẹ̀.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ló fa ẹsẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni àpótí dé. Mo tì í sí igun gbọ̀ngàn, mo tàn án, mo fi tẹmọ́mítà tèmi sínú rẹ̀, mo sì jókòó tì í nígbà tí àwọn èèyàn ń tò àga.


29. LÁTI INÚ FÍDÍÒ TÍ MANONG DODOY Ń ṢE LỌ FÚN ÀWỌN ARÁ ÒKÈ ÒKUN

DÓKÍTÀ ÀGBÀ: Ó ku kí Ẹnjiníà wa fọwọ́ sí i, ká gé ríbọ́ọ̀nù, ká jẹun.

[Àtẹ́wọ́.]

ÈMI: Mi ò lè fọwọ́ sí i.

[Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.]

MONTECLARO: Inday, ṣé bíró ni ò sí?

ÈMI: Bíró wà, Mà. Mo ní kó máa móoru dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ojú ẹ̀ sọ pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà. Tẹmọ́mítà mi tó wà nínú ẹ̀ sọ pé mọ́kàndínlógójì. Ó sì yẹ kí agogo ìkìlọ̀ ẹ̀ ké. Kò ké.

MONTECLARO: Ó ṣiṣẹ́ ní California o. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tàn án.

ÈMI: Mo gbà yín gbọ́, Mà. Ó ń gbóná jù níbí.

DÓKÍTÀ ÀGBÀ [ohùn ìsàlẹ̀]: Lovelle, fọwọ́ sí i ká ya fọ́tò. Wàá tún un ṣe lọ́la.

ÈMI: Tí mo bá fọwọ́ sí i lónìí, Dókítà, wọ́n á gbé ọmọ sí i lónìí.

[Dodoy yí fóònù sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ búlúù. Nọ́ọ̀sì Noblezada káwọ́ gbera, ó ń wo ilẹ̀. Nanay Wilma wà ní ìlà iwájú. Ó dìde. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ Dókítà, kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́.]

NANAY: Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi. Èmi ni mo bi ọmọ yìí ní ìbéèrè títí ó fi yege. Mo mọ ojú ẹ̀ tó bá ṣì í. Kò ṣì í.

MONTECLARO: Wilma, àwọn èèyàn ń wò wá láti Dubai.

NANAY: Kí wọ́n máa wò. Ẹlẹ́dẹ̀ mi ló wà lórí tábìlì yẹn, Cora, mo sì ní kó tutù. Ẹ jókòó.

[Wọ́n jókòó.]


30.

Mo ní kí wọ́n bá mi mú sukudiréfà wá. Mo mú páálí pupa kan nínú àpò mi, mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà láísẹ́ńsì mi, mo sì so ó mọ́ àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́ọ̀nù. Ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Inú mi ń dùn débi pé mo ní láti pa ètè mi pọ̀, torí kì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Mo yí àpótí náà padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo gbọ́ tí àga kan họ ilẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ti yí mi ká, àgbàlagbà lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sẹ́ni tó ń jẹun. Ìyáàfin Monteclaro ti bọ́ bàtà gogoro rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó nà án sí ibi tí ọwọ́ mi wà.

"Ẹnjiníà," ó ní, "kí la ń wá?"

Mo fi wáyà tó ń ka ooru hàn án, a sì jọ ń tú u lọ…